Kí Ni À Ń Pè Ní Ohun Àtijọ́?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè Yorùbá, ẹ kú àtijọ́ o. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti kọ nǹkan síbí. Ẹ forí jì mí, ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi "ẹ kú àtijọ́" kí yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ "àtijọ́" yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ń túmọ̀ ìwé ìpolówó ọjà kan sí Yorùbá, ó sì pàdé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, antique àti vintage. Ó kọ "ohun àtijọ́" fún èkínní, ó tún kọ "ohun àtijọ́" fún èkejì. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ méjèèjì. Nígbà tó wá bi mí pé kí ni ì bá dára kí òun kọ, mo wo ilẹ̀, mo wo òkè, n kò rí èsì fọ̀. Mo ní kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nínú yín yóò mọ ohun tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

Lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó tó ń ṣòwò ohun tó ti pẹ́, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pààlà. Ohun tó bá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún ni antique. Èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó ti lé ní ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ojú àti ara rẹ̀ sì ń fi ìgbà tí wọ́n ṣe é hàn dáadáa, òun ni vintage. Ààlà ọgọ́rùn-ún ọdún yìí kò ti ọ̀run wá. Òfin owó ibodè ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1930 sọ pé kí ohun kan tó lè wọlé gẹ́gẹ́ bí antique láìsan owó, wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe é ṣáájú ọdún 1830. Ní ọdún 1966 ni wọ́n wá yí i padà sí ohun tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ààlà náà lè máa bá ọdún rìn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tí àwọn olówó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ, bí ẹni ń gbàdúrà, ọ̀rọ̀ àwọn aṣọ́bodè ló wà nídìí rẹ̀.

Ìtàn àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn tún dùn ju òfin lọ. Antique wá láti inú antiquus ti èdè Látìn, ohun tó ti wà láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà mìíràn ni vintage gbà wá. Vindemia ni baba ńlá rẹ̀ nínú èdè Látìn, ó sì gba inú èdè Faransé kọjá kí ó tó dé Gẹ̀ẹ́sì. Ìkórè èso àjàrà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òjò àti oòrùn ọdún kan kì í rí bákan náà pẹ̀lú ti ọdún mìíràn, nítorí náà àwọn tó ń pọn wáìnì máa ń kọ ọdún ìkórè sára ìgò. Bí a bá tú u wò, vintage kò sọ pé ohun kan ti pẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ọdún báyìí ni a kórè rẹ̀, ó sì ní adùn ọdún náà lára.

Àwa ńkọ́? Mo kó àwọn ọ̀rọ̀ wa jọ sórí pákó ìkọ̀wé: àlòkù, tòkunbọ̀, àjogúnbá, ìṣẹ̀ǹbáyé, ògbólógbòó, àkísà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ka ọdún. Àlòkù ni èyí tí ẹlòmíràn lò kù. Tòkunbọ̀ ni èyí tó ti òkun bọ̀, àwa ará ẹnubodè Ìdìrókò sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́tò náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa láti Kùtọnu. Àjogúnbá ni èyí tí a jogún bá. Ọwọ́ tí nǹkan ti wá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń bèèrè, wọn kì í bèèrè ọjọ́ orí.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan, gbó. Aṣọ gbó, a sọ ọ́ di àkísà. Iṣu gbó, a wà á, a sì jẹ ẹ́. Àgbàdo tí kò gbó kò ṣe é tọ́jú fún gbígbìn. Bí àgbà bá ṣúre fún wa, ó ní a ó gbó, a ó tọ́, kò sì sí ẹni tí í bínú sí i pé ó pe òun ní àkísà. Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà: bó bá kan aṣọ, àdánù ni; bó bá kan iṣu àti ènìyàn, èrè ni. Ìbéèrè tó wá kù ni pé igi tí wọ́n gbẹ́, ṣé bí aṣọ ni yóò gbó ni àbí bí iṣu? N kò rí ìdáhùn nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Ilé wa ní Ìpókíá ni mo ti rí i, inú ìjà ni mo sì ti rí i.

Ìjọba ṣí ẹnubodè Ìdìrókò padà ní oṣù kẹrin ọdún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í láti oṣù kẹjọ ọdún 2019. Bí ọ̀nà ti là, oríṣiríṣi oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú wa. Nígbà ọyẹ́ ọdún náà ni àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, tẹ̀ mí láago. Ó ní, "Dókítà, máa bọ̀ nílé. Ẹnì kan fẹ́ ra orí." N kò bèèrè irú orí tó jẹ́. Orí kan ṣoṣo ló wà nílé wa tí ènìyàn lè rà, orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Fún ẹ̀yin tí kò tíì rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí, orí igi yìí kì í bo ojú ẹni tó gbé e bí ẹ̀kú mìíràn. Orí ni a ń dé e lé bíi fìlà, aṣọ ni ó ń bo ojú alájó. Kétu, Ànàgó, Ọ̀họ̀rí àti àwa ará Yewa la ń ṣe é láti fi tu àwọn ìyá wa lójú, àwọn tí agbára ìbí àti ìparun wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀fẹ̀ a kọ́kọ́ jáde lóru, yóò kọrin, yóò bú aṣebi, yóò sì ṣe àwàdà. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a wá jó lójú ọ̀sán. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣúra gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn ní ọdún 2008 lórúkọ orílẹ̀-èdè Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé ogún àfẹnusọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n kéde, ìyẹn orin, ọ̀rọ̀ àti ijó. Wọn kò kéde igi.

Orí tilé wa jẹ́ ojú obìnrin tó kọ ilà, tó sì wé gèlè. Lórí gèlè náà ni agbẹ́gilére gbé obìnrin kékeré kan jókòó sí níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí èyí má ṣe yà yín lẹ́nu. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń gbẹ́ ohunkóhun tó bá wọ ìlú: alùpùpù, ọkọ̀ òfúrufú, ẹ̀rọ ìránṣọ, ọlọ́pàá.

Mo bá oníṣòwò náà nínú àgbàlá. Ọmọlúàbí ni lójú, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, ó sì ń sọ Yorùbá Àjàṣẹ́ tó dùn létí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ orí náà, ó fi èékánná họ ọ̀dà díẹ̀ kúrò létí gèlè, ó ní, "Ẹ ò rí i? Èyí ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ." Owó tó dá lé e tó láti fi pánù tuntun bo gbogbo ilé wa, ilé náà sì ń jò ní tòótọ́. Bàbá Kékeré ti ń gbé agbada sábẹ́ òjò fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo bèèrè lọ́wọ́ oníṣòwò náà bí yóò ti gbé e kọjá ẹnubodè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ ọnà tuntun ni, irú èyí tí àwọn arìnrìn-àjò ń rà létí òkun. Orí kan náà ni o. Yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún lójú ẹni tó fẹ́ rà á lókè òkun, yóò sì di ọmọ ọwọ́ lójú aṣọ́bodè.

Mo gbé orí náà, mo wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ tí obìnrin orí igi yìí jókòó tì ní apá tí a fi ń yí i, kò ní ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Agbẹ́gilére sì fi ọ̀bẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ọrùn ẹ̀rọ náà, S. Mo wọ yàrá ẹ̀gbọ́n màmá mi, Ìyá Aránṣọ, níbi tí ẹ̀rọ Singer ìyá àgbà wa ṣì wà lórí tábìlì, tí ó ṣì ń fi í rán aṣọ ilé ìwé títí di òní. Ẹ̀rọ kan náà ni. Ilé iṣẹ́ Singer a máa tẹ nọ́ńbà sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ènìyàn sì lè fi nọ́ńbà náà mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ti ìyá àgbà jáde láti Clydebank ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì ní nǹkan bí ọdún 1951. Igi tó ya àwòrán ẹ̀rọ ọdún 1951 kò lè pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Mo jáde pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó já ìdí ọ̀rọ̀. Bàbá Kékeré wò mí bí ẹni wo ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú. Ó ní, "Ìwọ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ọdún kejì òmìnira ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ikán jẹ ti àtijọ́, bàbá mi sì pe agbẹ́gilére láti apá Ìlaròó. Oṣù kan ló fi jókòó síbi tí o dúró sí yẹn. Ìyá mi ń ránṣọ, ó ń wò ó, ó ń gbẹ́." Lẹ́yìn náà ló wá yí ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní bí kò bá jẹ́ ohun àtijọ́, òfin wo ló wá ní kí òun má tà á?

Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi fetí sílẹ̀. Òfin wa lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1953, lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ni Òfin 77 ti ọdún 1979, tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀. Nígbà tí òfin náà ń sọ irú iṣẹ́ ọnà tó jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó ya ọ̀nà méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wa tó ní iyì ìtàn, ọnà tàbí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, tí a sì ti lò nígbàkígbà fún ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí kò bèèrè ọdún rárá. Bí igi bá ti jó lẹ́ẹ̀kan, ó wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ra irú rẹ̀ àfi aṣojú tí àjọ náà fọwọ́ sí, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ká ní ẹ̀rọ ìyá àgbà dàgbà tó èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1905, tí Òyìnbó yóò fi pè é ní antique láìjanpata, abala òfin wa yìí kò ní kà á sí, nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ wa. Bó ti wà yìí, vintage ni lójú wọn: ó ní adùn ìgbà rẹ̀ lára. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ̀rọ náà gan-an jókòó sí lórí, ni òfin pè ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àbúrò wá di ẹ̀gbọ́n! Ẹni tí kò bá mọ̀ ju kíka ọdún lọ yóò ní òfin náà kò gún. Lójú tèmi, ẹni tó kọ abala kejì yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ó mọ ohun tí gbó túmọ̀ sí.

Mo ṣe àlàyé gbogbo èyí fún Bàbá Kékeré. Ó gbọ́ mi tán, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan: "Giramófóònù bàbá mi dà?"

N kò lè dáhùn. Ní ọdún 1997, nígbà tí mo fẹ́ san owó ìwé ní yunifásítì, èmi ni mo ta giramófóònù bàbá àgbà, èyí tí a ń fi ọwọ́ wá, pẹ̀lú àpótí àwo orin rẹ̀, fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àwọn àwo náà kò wúwo tó, wọ́n ní kí n kó wọn padà, mo sì dà wọ́n sí ẹ̀yìn ilé. Ohùn àwọn olórin sákárà àti àpàlà tí bàbá àgbà fẹ́ràn wà nínú erùpẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Kékeré ní, "A kò pè ọ́ ní olè nígbà náà. Ìwé lo fẹ́ kà. Òrùlé ni èmi fẹ́ kàn. O wá ń ka òfin sí mi létí." Mo tijú. Òótọ́ ni pé òfin kò dá giramófóònù náà mọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fi òfin gbèjà ara mi. Ó rọrùn fún ẹni tí òrùlé rẹ̀ kò jò láti máa wàásù nípa ohun àtijọ́.

Òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ́ ló parí ọ̀rọ̀ náà, èmi náà sì kọ́. Ìyálàṣẹ ni Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ní kí a lọ bi, nítorí pé ilé wa ló ni orí, ẹgbẹ́ ló sì ń jó o. Màmá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n gbọ́ tẹnu oníṣòwò, wọ́n gbọ́ ti Bàbá, wọ́n sì gbọ́ tèmi, pẹ̀lú ọdún 1918 àti ọdún 1951 tí mo ń kà bí òǹkà ayò. Wọ́n kò bèèrè ọjọ́ orí igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Èkejì rẹ̀ ń bẹ nílé kejì. Ṣé ẹ fẹ́ kó máa dá jó ni?"

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í dá jó. Méjì-méjì ni wọ́n máa ń jáde, aṣọ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ìlù kan náà. Mo ti kà á nínú ìwé àwọn Drewal ti ọdún 1983 àti ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal ti ọdún 1996, mo sì ti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìjà wa kò wá sí mi lọ́kàn. Oníṣòwò náà ò mọ̀ rárá pé ìdajì nǹkan ni òun ń ná. Ó kí wa, ó sì lọ.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi padà wá, mo sọ fún un pé kó kọ "ohun ìṣẹ̀ǹbáyé" fún antique, kó sì kọ "ohun ìgbà-kan" fún vintage, nítorí pé ìgbà kan pàtó ni ohun bẹ́ẹ̀ ń gbé lára. Ó ní "ìgbà-kan" kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Mo ní ó ti wà níbẹ̀ láti òní lọ. Bí ẹ̀yin bá ní èyí tó sàn jù, n kò ní jà. Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún un pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò já a kulẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ní láti túmọ̀ nǹkan tí kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun, ọ̀pọ̀ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà tí a kọ "Egbado" sí lára, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1995 la ti yí orúkọ náà padà sí Yewa. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní orúkọ agbẹ́gilére. Dúgà ará Ìmẹ̀kọ, tí William Bascom jókòó tì ní ọdún 1950 tó sì kọ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀, wà lára àwọn díẹ̀ tí a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ òrùlé kò tíì parí. Àwa ọmọ ilé dá owó jọ, a ra pánù fún ìdajì, ìdajì yòókù ń dúró de owó oṣù mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé orí náà jáde láti kùn ún. Ẹ̀yin tó mọ ohun tí àwọn olùkójọ ń wá yóò mọ̀ pé ọ̀dà tuntun ni ọ̀tá wọn. Àwọ̀ tí ọjọ́ ti pa dà, ibi tí òógùn àti eruku ti dán, ìyẹn gan-an ni wọ́n ń sanwó fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣí agolo ọ̀dà ilé, búlúù tó ń kọ mọ̀nà, ó sì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Mo pariwo kí n tó mọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní kí ó kàn rọra ṣe níbi lẹ́tà S yẹn. Ìyá Aránṣọ gbé agolo náà fún mi pé kí n bá a dì í mú, kí ó má dà sílẹ̀.